Kíláǹpù kékeré: irinṣẹ́ tó ń gba káfíńtà lọ́wọ́ àdánù

Bí sáà ẹ̀kọ́ tuntun bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1982 ní Àgọ́-Ìwòyè, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gba yàrá káàkiri ìlú yóò fẹ́ tábìlì, àga àti ṣẹ́ẹ̀fù ìwé. Ìgbà yẹn ni owó máa ń wọlé fún káfíńtà, ìgbà yẹn náà sì ni ìkánjú ń ba iṣẹ́ jẹ́.

Tábìlì tí wọ́n kàn fi ìṣó kàn, tí gọ́ọ̀mù rẹ̀ kò rí ohun tó há a mọ́ra kó tó gbẹ, kì í pẹ́ tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Bí oníbàárà bá gbé e padà, ọ̀fẹ́ ni ọ̀gá káfíńtà yóò tún un ṣe. Gọ́ọ̀mù, pákó àti àkókò tó bá bá a lọ, inú èrè rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti jáde.

Ohun tó ń dènà irú àdánù bẹ́ẹ̀ kò ju kíláǹpù lọ, ìyẹn irin tí wọ́n ń yí láti fi há igi méjì pọ̀. Àwọn àgbà ní ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Kíláǹpù ni ọwọ́ kejì tí kì í rẹ̀, tí kì í sì í gba owó iṣẹ́.

ÈWO NI KÍ ÈÈYÀN RÀ?

Oríṣìí mẹ́ta ló wọ́pọ̀ nínú àwọn kékeré. Àkọ́kọ́ ni G-clamp, tó rí bí lẹ́tà G. Agbára rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n yíyí rẹ̀ máa ń pẹ́. Èkejì ni F-clamp, tó ní ọ̀pá irin tí ẹnu rẹ̀ ṣeé sún síwá sẹ́yìn, èyí tó dára fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ń yí padà láti pákó tínrín sí pákó tó nípọn. Ẹ̀kẹta ni oní-sípíríǹgì, tó dà bí ohun tí wọ́n fi ń há aṣọ sórí okùn. Iṣẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nìkan ló wà fún.

Kí ẹni tó fẹ́ rà á tó sanwó, kó yí i dé òpin. Ẹnu méjèèjì gbọ́dọ̀ pàdé ara wọn gbọọrọ, irin tí wọ́n ń yí kò gbọdọ̀ máa mì, pẹlẹbẹ kékeré tó wà lẹ́nu rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ máa yí fúnra rẹ̀. Èyí tí ara rẹ̀ bá ń tẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fún un, owó ìràkurà ni.

MÉLÒÓ LÓ TÓ?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ igi ti ń ṣìṣe. Wọ́n á ra méjì, wọ́n á ní ó ti tó. Ká ní ẹnì kan gba iṣẹ́ tábìlì ìkàwé mẹ́wàá, tó sì fẹ́ fi gọ́ọ̀mù lẹ pákó ínǹṣì kan méjì pọ̀ fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ogójì ẹsẹ̀ nìyẹn. Bí ẹsẹ̀ kan bá gùn tó ínǹṣì 28, kíláǹpù márùn-ún ni yóò há a dáadáa, wọn yóò sì wà lórí rẹ̀ fún bíi wákàtí kan.

Ẹni tó bá ní márùn-ún péré yóò lo wákàtí 40, ìyẹn ọjọ́ márùn-ún tí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́. Ẹni tó ní mẹ́wàá yóò lo wákàtí 20. Ẹni tó ní ogún yóò parí rẹ̀ ní wákàtí 10. Iye kíláǹpù ló ń sọ ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò jáde, òun ló sì yẹ kí ọ̀gá fi ṣírò kó tó dá ọjọ́ fún oníbàárà.

Wọ́n gbọ́dọ̀ wọn bí ẹnu rẹ̀ ṣe ń yà tó pẹ̀lú. Pákó méjì yẹn jẹ́ ínǹṣì méjì. Bí wọ́n bá fi igi ìtìlẹ́yìn ínǹṣì méjì sí ọ̀tún àti òsì, gbogbo rẹ̀ di ínǹṣì mẹ́fà. Kíláǹpù ínǹṣì mẹ́rin kò lè bá a mu. Èyí tó ń yà tó ínǹṣì mẹ́jọ ló rọrùn jù.

BÍ WỌ́N ṢE Ń LÒ Ó

Igi ìtìlẹ́yìn yẹn kì í ṣe fàájì. Ó ń pín agbára kíláǹpù kiri ojú igi, kì í sì í jẹ́ kí irin tẹ ojú iṣẹ́. Ó ṣe pàtàkì fún igi mẹ̀línà, tí ìjọba gbìn sí igbó Ọmọ láti fi ṣe pépà, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń là sí pákó báyìí, nítorí ó rọ̀ ju ìrókò lọ.

Kí wọ́n kọ́kọ́ há igi náà láìsí gọ́ọ̀mù, kí wọ́n wò ó bóyá ó ṣe déédéé. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n fi gọ́ọ̀mù sí i, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: bí gọ́ọ̀mù bá ti yọ wẹ́wẹ́ létí, ó tó. Ẹni tó bá fún un jù yóò fún gọ́ọ̀mù jáde tán, oríkèé náà kò sì ní lágbára.

Kí wọ́n fi ọ̀rá bo irin tó bá máa kan gọ́ọ̀mù tútù, torí ó lè sọ ojú ìrókò di dúdú. Pákó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi ìlàgi dé tí kò tíì gbẹ, kíláǹpù kò ràn án. Bí wọ́n bá sì tú kíláǹpù lẹ́yìn wákàtí kan, kí ẹnikẹ́ni má jókòó lé e kó tó pé wákàtí 24.

ẸNI TÍ OWÓ RẸ̀ KÒ TÍÌ TÓ

Tíúbù táyà ògbólógbòó tí wọ́n gé bí ọ̀já ń dè é dáadáa. Wọ́n sì lè kan igi méjì mọ́ pákó gbọọrọ kan, kí wọ́n to iṣẹ́ sí àárín, kí wọ́n fi èèkàn pẹlẹbẹ há a. Ṣùgbọ́n kí wọ́n máa yọ díẹ̀ sílẹ̀ nínú owó iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa fi ra kíláǹpù méjì méjì. Kí wọ́n máa fi epo pa á, kí òjò má sì pa á, yóò bá wọn ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.