Ẹ̀rọ Inú Ẹ̀rọ, àti Kọ̀ǹpútà tí ó ti Dàgbà

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò lọ kọ́ni ní ilé-ìwé tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ jẹ́ tòkunbọ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù October, ọdún 2025, Microsoft dẹ́kun àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún Windows 10, àfi fún ẹni tí ó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún ọdún kan. Windows 11 tí ó rọ́pò rẹ̀ ń béèrè ohun ààbò kan tí à ń pè ní TPM 2.0, èyí tí púpọ̀ nínú ẹ̀rọ àtijọ́ kò ní. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ náà kú. Ó ṣì ń tàn. Ṣùgbọ́n ihò tí olè bá rí lára rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò dí i mọ́, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ àwọn ọmọ àti máàkì wọn wà nínú rẹ̀.

Àwọn kan a máa wí pé, kí a lo ẹ̀rọ inú ẹ̀rọ, èyí tí àwọn Òyìnbó ń pè ní virtual machine. Kí ni í ṣe? Operating system ni ètò tí ń pàṣẹ fún gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ inú ẹ̀rọ ni kọ̀ǹpútà àfarawé tí a gbé kalẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà gidi, tí operating system mìíràn ń gbé inú rẹ̀ bí ayálégbé. Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun: IBM gbé VM/370 jáde ní ọdún 1972. VirtualBox, tí a ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́, jáde ní ọdún 2007.

Ẹ kíyè sí i pé inú ilé onílé ni yàrá ayálégbé ti ń wá. Bí kọ̀ǹpútà bá ní mẹ́mọ̀rí gìgábáìtì 4, tí a sì fún àlejò ní 2, 2 péré ni ó kù fún onílé, àwọn méjèèjì yóò sì máa rìn bí ìgbín. Ẹ̀rọ inú ẹ̀rọ kò lè sọ arúgbó di ọ̀dọ́. Orí ẹ̀rọ tí ó lágbára ni ó ti wúlò: a lè fi Windows 7 síbẹ̀ fún ètò àtijọ́, láìso ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì. A sì lè pa ipò rẹ̀ mọ́ kí àwọn ọmọ tó fọwọ́ kàn án. Bí wọ́n bá bà á jẹ́, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni a ó fi dá a padà sí bí ó ti wà. Fún olùkọ́, oore ńlá ni mo ka èyí sí.

Fún arúgbó fúnra rẹ̀, Linux ni mo fara mọ́, èyí tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní Finland ní ọdún 1991. Gìgábáìtì 2 tó fún Linux Mint láti gbéra. Ẹ kọ ọ́ sórí flash, kí ẹ sì ti ibẹ̀ dán an wò láìfọwọ́ kan ohun tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà. Ẹ wo Wi-Fi, ohùn àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Bí ẹ̀rọ bá jẹ́ ti 32-bit, ẹ má wá Debian 13 ti ọdún 2025, nítorí kò gbà á sílé mọ́. Debian 12 ṣì gbà á. Àwọn mìíràn a máa fi ọgbọ́n ti Windows 11 wọlé tipátipá, ṣùgbọ́n Microsoft ti wí pé òun kò ṣèlérí àtúnṣe fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. N kò ní fi í sí ilé-ìwé.

Kí a tó fi Linux rọ́pò Windows pátápátá, kí a kó ìwé àwọn ọmọ sí ibòmíràn. Ní Ìjẹ̀bú-Igbó tàbí Àgó-Ìwòyè, kí ẹ má gbọ́kàn lé bátìrì tòkunbọ̀: ẹ rí i pé epo wà nínú jẹnẹrétọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí bí iná bá lọ ní agbedeméjì, ẹ̀rọ náà lè má gbéra mọ́ títí a ó fi tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.