Ta Ló Ni Orúkọ Yìí?

Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá fẹ́ ra ilẹ̀, kí lẹ máa ń kọ́kọ́ bèèrè? Ẹ ó bèèrè pé: "Ta ló ni ín?" Ẹni tí kò bá bèèrè lè sanwó fún ẹni tí kì í ṣe onílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ojúlé kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ ló ní orúkọ. Orúkọ tó parí sí .bj jẹ́ ti Benin. Èyí tó parí sí .tg jẹ́ ti Togo. Ti gbogbo ayé ni .com. Ẹni tó bá gba orúkọ, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé. Inú kọ̀ǹpútà ni ìwé náà wà.

Ní ọdún 1982, ní Amẹ́ríkà, Ken Harrenstien àti Vic White kọ ìlànà tí a lè fi bi irú ìwé bẹ́ẹ̀ léèrè. Orúkọ rẹ̀ ni WHOIS. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni: "Ta ni?"

Nígbà tó yá, àwọn tó ń tọ́jú ìwé di púpọ̀. Wàhálà dé. Kálukú ń dáhùn bó ṣe wù ú. WHOIS kò ní ìlànà fún lẹ́tà bí ẹ, ọ, ṣ tiwa. Ẹnikẹ́ni sì lè rí ilé àti tẹlifóònù ẹni tó ni orúkọ. Àwọn oníjìbìtì ń lò ó.

Ní ọdún 2015, ìlànà tuntun jáde: RDAP. Ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn fi ń dáhùn. Ó gba lẹ́tà gbogbo èdè. Ó sì lè bo ohun tí kò yẹ kí gbogbo ayé rí. Láti ọjọ́ 28 oṣù kìíní ọdún 2025, kò pọn dandan mọ́ fún àwọn tó ń tọ́jú orúkọ bíi .com láti lo WHOIS. RDAP ló rọ́pò rẹ̀.

Kí ni èrè wa níbẹ̀? Bí ẹnìkan bá ní kí ẹ sanwó ní ojúlé kan tó parí sí .com, ẹ má kánjú. Ẹ lọ sí lookup.icann.org. Ẹ kọ orúkọ náà síbẹ̀. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n gbà á. Bó bá sọ pé òun ti ń tajà níbẹ̀ láti ogún ọdún, tó sì jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n gba orúkọ náà, ẹ di owó yín mú!

Ṣùgbọ́n ẹ rántí: orúkọ tó ti pẹ́ kò ní kí olè má jalè. Ẹ tún bèèrè lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ìbéèrè
1. Kí ni ìtumọ̀ WHOIS?
2. Ohun mẹ́ta wo ni RDAP tún ṣe?
3. Kí lẹ ó wò kí ẹ tó sanwó?