Gègé Onígi Olóòfà Gẹ́gẹ́ Bí Ohun-Èlò Ìkọ́ni: Láti Ọwọ́ Gbẹ́nàgbẹ́nà Ìlá Ọ̀ràngún Dé Kíláàsì Yorùbá

1.0 Ìfáàrà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní gbẹ́nàgbẹ́nà ti ṣe tirẹ̀ tán, ó ku ti gbẹ́nugbẹ́nu. Bí a bá wo bí a ṣe ń kọ́ni ní iṣẹ́ abínibí ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni wa, a ó rí i pé gbẹ́nugbẹ́nu ni púpọ̀ nínú wa. A ń ka orúkọ iṣẹ́, irin-iṣẹ́ àti ìwúlò rẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Wọn a kọ ọ́ sílẹ̀, wọn a sì dá a padà fún wa nínú ìdánwò. Ẹlòmíràn lè gba ìwé-ẹ̀rí NCE nínú èdè Yorùbá láì fi ọ̀bẹ kan igi rí nítorí iṣẹ́ ọnà. Irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ ni yóò lọ máa kọ́ ọmọ ẹlòmíràn ní ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ ju orúkọ lọ.

Èròńgbà wa nínú iṣẹ́ yìí ni láti fi ohun kékeré kan hàn tí ó lè so gbígbẹ́ àti kíkọ pọ̀ nínú ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo. Ohun náà ni gègé tí a fi ọwọ́ gbẹ́ láti ara igi, tí òòfà sì ń di ìdérí rẹ̀ mú. A ó kọ́kọ́ yẹ ìtàn ohun ìkọ̀wé wò ní ṣókí, a ó sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ igi ní Ìlá Ọ̀ràngún, a ó ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣe gègé náà, lẹ́yìn náà ni a ó wá fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ẹ̀kọ́ àmì ohùn gan-an ni èrè tó tóbi jù níbẹ̀.

2.0 Gègé, Kálámù àti Bírò

Orúkọ mẹ́ta yìí sọ ìtàn fún ẹni tó bá fetí sílẹ̀. Kálámù wá láti inú èdè Lárúbáwá, ọ̀nà ilé-kéú ni ó sì gbà wọlé tọ̀ wá. Aáfàá a máa gé eèsún tàbí pòròpórò, a fi ọ̀bẹ dá a lẹ́nu, a tẹ̀ ẹ́ bọ inú tàdáwà, a sì fi kọ̀wé sára wàláà. Wàláà fúnra rẹ̀, pákó tí a fá dán ni. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti mọ ohun tí a kọ síbẹ̀ tán, a ó fọ̀ ọ́ kúrò kí a lè kọ òmíràn. Omi ìfọ̀wàláà náà ni à ń pè ní hàntú. Èyí fi hàn pé kí ilé-ìwé àwọn òyìnbó tó dé ni ọwọ́ Yorùbá ti ń ṣe ohun ìkọ̀wé láti inú igi àti koríko àyíká. Ọ̀rọ̀ kálámù yìí kan náà ni àwọn Kìrìsìtẹ́nì mú lò nínú Bíbélì Yorùbá, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884.

Ní ọdún 1884 yìí kan náà ni Lewis Waterman gba ẹ̀tọ́ àṣẹ lórí gègé tí yíǹkì wà nínú ara rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Bírò ní tirẹ̀ jẹ́ orúkọ ènìyàn. László Bíró, ọmọ ilẹ̀ Hungary, ni ó gba ẹ̀tọ́ àṣẹ lórí gègé oníbọ́ọ̀lù ní 1938. Yíǹkì tó ki ni ó wà nínú rẹ̀, bọ́ọ̀lù bíńtín tó wà lẹ́nu rẹ̀ ni ó sì ń yí i jáde sórí ìwé. Gègé ni ọ̀rọ̀ tí àwọn òǹkọ̀wé wa fẹ́ràn jù nínú èdè tó jinlẹ̀, òun ni a ó sì máa lò nínú iṣẹ́ yìí.

3.0 Iṣẹ́ Igi Gbígbẹ́ ní Ìlá Ọ̀ràngún

Kò sí ibi tí ẹ̀kọ́ yìí bá mu ju Ìlá Ọ̀ràngún lọ. Ìlú yìí, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ni a bí Lámídì Ọlọ́nàdé Fákẹ́yẹ sí ní 1928, nínú ìdílé tí iṣẹ́ ọnà ti jẹ́ àjogúnbá. Ó kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ baba rẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1940, ó lọ sí ibùdó iṣẹ́ ọnà tí àwọn Fádà ìjọ Àgùdà dá sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, níbi tí Fádà Kevin Carroll wà, ó sì tún kọ́ṣẹ́ lábẹ́ George Bandele, ọmọ Arówóògún, gbajúgbajà agbẹ́gilére Ọ̀sì. Mùsùlùmí ni Fákẹ́yẹ, síbẹ̀ ó gbẹ́ ilẹ̀kùn àti òpó fún ṣọ́ọ̀ṣì àti ààfin. Òun ni ó gbẹ́ ère Odùduwà tó wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, ní 1987. Ó jáde láyé ní oṣù Kejìlá ọdún 2009.

Nínú ìwé tí Carroll tẹ̀ jáde ní 1967, ó ṣe àkọsílẹ̀ ìpele mẹ́rin tí iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà Yorùbá ń gbà: ọnà lílé, àlétúnlé, dídán àti fínfín. Ọnà lílé ni fífi àáké gé igi títí tí ìrísí ohun tí a fẹ́ gbẹ́ yóò fi hàn. Àlétúnlé ni títún un lé, kí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan tó dá yàtọ̀. Dídán ni fífi ọ̀bẹ àti irin ẹlẹ́nu mímú fá ojú igi dán. Fínfín sì ni dídá ilà àti ọ̀ṣọ́ sí i lára. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí rọrùn láti há sórí. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá lé ọnà rí kò lè sọ ìdí tí àlétúnlé fi yàtọ̀ sí dídán.

4.0 Bí A Ṣe Ń Ṣe Gègé Náà

4.1 Igi: Igi gbígbẹ ni kí a lò, nítorí pé igi tútù yóò sún kì, yóò sì là. Arère rọ̀ lábẹ́ ọ̀bẹ, ó dára fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, ṣùgbọ́n ó tètè ń ní àpá. Apá àti ìrókò le, wọ́n sì ń pẹ́. Àjákù pákó tí káfíńtà dà nù tó iṣẹ́ yìí. Ẹni tó bá ń fá ìrókò ní láti fi aṣọ bo imú, nítorí pé ìyẹ̀fun rẹ̀ a máa yún ara, a sì máa da èémí láàmú.

4.2 Ihò: Ẹ jẹ́ kí a wọn ọ̀pá yíǹkì inú bírò kí a tó gé igi. Ó nípọn tó nǹkan bíi mìlímítà 3, ọ̀pọ̀ sì gùn tó sẹ̀ǹtímítà 14. Láti lu ihò tóóró gígùn bẹ́ẹ̀ láì sí ẹ̀rọ kò rọrùn. Ọ̀nà àbáyọ ni èyí tí àwọn tó ń ṣe pẹ́ńsùlù ń lò: kí a la igi sí méjì lóòró, kí a fa pòòrò sí inú apá kọ̀ọ̀kan, kí a fi gọ́ọ̀mù káfíńtà lẹ̀ wọ́n pọ̀, kí a sì fi rọ́bà kẹ̀kẹ́ wé e gírígírí di ọjọ́ kejì. Irú ọgbọ́n kan náà ni a ó fi ṣe ihò ìdérí, ṣùgbọ́n èyí yóò fẹ̀ tó mìlímítà 8, a kò sì ní jẹ́ kó yọ lódì kejì. Ihò bíńtín kan gbọ́dọ̀ wà lára gègé kí atẹ́gùn lè wọlé bí yíǹkì ṣe ń lọ. Bí kò bá sí, gègé yóò kọ iṣẹ́ láìpẹ́.

4.3 Gbígbẹ́: Nígbà tí gọ́ọ̀mù bá gbẹ, kí akẹ́kọ̀ọ́ lé ọnà, kí ó sọ igi onígun mẹ́rin di róbótó. Ní àlétúnlé, yóò yọ ẹnu, ọrùn, ikùn àti ìdí gègé. Ẹ kíyè sí i pé orúkọ ẹ̀yà ara ènìyàn ni Yorùbá fi ń pe ẹ̀yà ohun-èlò. Ẹ̀kọ́ mọ́fọ́lọ́jì àti ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ nìyẹn ní ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ewé ìpín tí àwọn baba wa fi ń họ igi ṣì wúlò fún dídán. Ẹni tí kò bá rí i lè lo sáńdípépà. Òrí díẹ̀ tí a fi nù ún yóò jẹ́ kí ara igi tàn.

4.4 Òòfà: Ọ̀rọ̀-ìṣe fà hàn kedere nínú ọ̀rọ̀ yìí: ohun tó ń fa nǹkan mọ́ra ni òòfà. Òòfà tó wọ́pọ̀ nínú ohun kékeré lónìí ni èyí tí àwọn onímọ̀ ní Jàpáànì àti Amẹ́ríkà ṣe àwárí rẹ̀ láàrin 1982 sí 1984, tí a ń pè ní neodymium. Ó kéré, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ pọ̀. Ọ̀pọ̀ yóò rò pé bí a bá fi òòfà sí inú ìdérí, yóò di ẹnu bírò mú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Idẹ ni a sábà fi ń ṣe ẹnu bírò, òòfà kì í sì í fa idẹ. Irin ni a ó wá fún un. Kí a mú òrùka irin pẹlẹbẹ tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní wọ́ṣà, kí a fi òòfà dán an wò kí a tó rà á, kí a sì fi gọ́ọ̀mù olóríṣi méjì tí a ń pò pọ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọrùn gègé. Lẹ́yìn èyí, kí a gbẹ́ ihò kékeré méjì sí etí ìdérí, kí a sin òòfà kọ̀ọ̀kan tó fẹ̀ ní mìlímítà 3 síbẹ̀. Irin àti òòfà kò ní ojú tí wọ́n fi ń kọ ara wọn. Ṣùgbọ́n bí a bá fi òòfà sí apá méjèèjì, a gbọ́dọ̀ sàmì sí ojú tó ń fa ara wọn kí a tó lẹ̀ wọ́n, nítorí ojú tó jọra yóò máa ti ara wọn ni.

Ìdérí olóòfà kò dí afẹ́fẹ́ pátápátá. Ìdí nìyí tó fi bá bírò mu ju gègé oníyíǹkì ṣíṣàn lọ, nítorí yíǹkì ṣíṣàn tètè ń gbẹ. Kí a má sì fi gègé náà sínú oòrùn gbígbóná nínú ọkọ̀. Ooru tó bá kọjá ìwọ̀n 80 ti Sẹ́sáíọ́sì lè dín agbára irú òòfà yìí kù.

5.0 Fínfín Orúkọ àti Àmì Ohùn

Ibí yìí ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wà. Ní ìpele fínfín, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ fi pẹ́ńsùlù kọ orúkọ ara rẹ̀ sí ara gègé pẹ̀lú gbogbo àmì, kí olùkọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó tó fi ọ̀bẹ fín in. Òlu tí oníṣẹ́-awọ ń lò ni yóò fi ṣe àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ.

Kí ló dé tí a fi ní kí ó ṣe bẹ́ẹ̀? Láti ìgbà ìpàdé àkọtọ́ tí wọ́n ṣe ní Èkó ní 1875 títí dé àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 ni a ti ń làkàkà lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè wa. Síbẹ̀, fóònù àti kọ̀ǹpútà ti jẹ́ kó mọ́ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lára láti kọ orúkọ ara wọn ní ìhòòhò. Lórí ìwé, ẹni tí àmì kò dá lójú lè fi í sílẹ̀, tàbí kó fà á gbọọrọ lókè kí olùkọ́ má lè mọ̀ bóyá òkè tàbí ìsàlẹ̀ ni. Igi kò gba irú ẹ̀tàn bẹ́ẹ̀. Ọ̀bẹ gbọ́dọ̀ dorí kọ apá ọ̀tún tàbí apá òsì, ohun tí a bá sì ti fín kò ṣe é fi rọ́bà pa. Ẹni tó ń jẹ́ Ayọ̀ tó gbàgbé àmì abẹ́ ọ ti sọ ara rẹ̀ di ayò ọlọ́pọ́n títí gègé náà yóò fi gbó.

Orúkọ ìlú yìí náà jẹ́ àpẹẹrẹ. Ìlá ni ìlú Ọ̀ràngún. Ilá ni à ń fi ṣe ọbẹ̀. Ilà ni à ń kọ sójú. Ìlà ni à ń fà sórí ìwé. Lẹ́tà mẹ́ta kan náà ni, ohùn ni ó yà wọ́n. Ẹ tún wo ọ̀rọ̀-ìṣe kọ: à ń kọ ilà, à ń kọ ìwé. Bóyá orísun kan náà ni wọ́n ti wá tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti fi ọ̀bẹ fín orúkọ rẹ̀ yóò rí i pé iṣẹ́ olóòlà àti iṣẹ́ akọ̀wé jọra ní ọ̀nà kan: àmì tó bá ṣì, ẹni tí a kọ ọ́ sí lára ni yóò máa gbé e kiri.

6.0 Ìlànà fún Kíláàsì

A dábàá ìpàdé mẹ́ta, wákàtí méjì méjì. Ìkíní fún igi yíyàn, ihò àti lílẹ̀. Ìkejì fún ọnà lílé, àlétúnlé àti dídán. Ìkẹta fún òòfà àti fínfín. Yóò dára bí gbẹ́nàgbẹ́nà àdúgbò bá wà níbẹ̀ ní ìpàdé kejì, kí olùkọ́ náà sì jókòó bí ọmọ-iṣẹ́. Èdè Yorùbá ni kí gbogbo ìtọ́ni jẹ́. Bí a bá fẹ́ gba máàkì, kí a pín in sí mẹ́ta: gègé fúnra rẹ̀, àlàyé ẹnu lórí bí a ṣe ṣe é, àti àròkọ oníṣísẹ̀ntẹ̀lé tí akẹ́kọ̀ọ́ fi gègé náà kọ, pẹ̀lú àmì tó pé.

Ìṣọ́ra kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ fojú kéré. Òòfà kékeré kì í ṣe ohun tí a ń fi sọ́wọ́ ọmọdé. Bí ọmọ bá gbé méjì mì, wọ́n lè fa ara wọn láti inú ìfun kan sí òmíràn, kí wọ́n fún un pọ̀ títí yóò fi lu. Ilé-ìwòsàn ni kí a gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe ohun tí a ń dúró wò. Nítorí náà, kí olùkọ́ ka òòfà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ó sì tún kà á nígbà tó bá parí. Ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, okùn ni kí a fi so ìdérí mọ́ gègé dípò òòfà. Ẹni tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ tó ń darí ìlù ọkàn sí láyà náà kò gbọ́dọ̀ fi í sí àpò àyà.

7.0 Ìkádìí

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ohun ìkọ̀wé tí a fi ọwọ́ ṣe kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá, pé ọ̀rọ̀ tí a nílò láti fi kọ́ni ní ṣíṣe rẹ̀ wà nínú èdè wa, àti pé ìpele mẹ́rin gbẹ́nàgbẹ́nà lè jẹ́ ọ̀nà tó dájú láti kọ́ni ní àmì ohùn. Àwọn ọ̀rọ̀ bíi àlétúnlé kì í kú nítorí pé ìwé sọnù; wọ́n ń kú nígbà tí kò bá sí ọwọ́ tó ń ṣe ohun tí wọ́n ń pè. Bí olùkọ́ ọ̀la bá lé ọnà lẹ́ẹ̀kan péré, tó tún un lé, tó mú un dán, tó sì fín orúkọ rẹ̀ sí i bó ṣe yẹ, yóò ní ohun tí yóò sọ nígbà tó bá kan ti gbẹ́nugbẹ́nu.