Ẹ̀KỌ́ LÓRÍ Ẹ̀YÌN DÍDÙN
Níhìn-ín ní Dagenham, àwọn àgbà wa kan ò dọ̀bálẹ̀ fún òrìṣà mọ́, torí ẹ̀yìn ń dùn wọ́n. Àwa náà dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì nígbà kan; ńṣe ni ẹ̀yìn wa le bí igi! Ní 2021, àwọn olùwádìí Cochrane yẹ ìwádìí 249 wò: eré ìdárayá máa ń dín ìrora kù fún ẹni tí ẹ̀yìn ti ń dùn ju oṣù mẹ́ta lọ. Ẹ máa rìn, kẹ́ ẹ sì máa fa orúnkún mọ́ àyà lórí ẹní, díẹ̀díẹ̀, lójoojúmọ́. Ẹni tí ò tíì lè dọ̀bálẹ̀, kó fọwọ́ kan ilẹ̀. Òrìṣà ò ní bínú. Ṣùgbọ́n bí abẹ́ bá kú tipiri, tàbí tí ìtọ̀ ò jáde, ẹ má dúró ṣẹbọ o: ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.