Ẹ̀KỌ́: ỌKÀN WA ÀTI OWÓ ỌJỌ́ OGBÓ
Bíbélì kíkà: Jẹ́nẹ́sísì 41:33–36

Ẹ̀kọ́ yìí dá lórí owó tí a ó máa ná nígbà tí apá wa kò bá ká iṣẹ́ mọ́. Gbogbo wa la mọ̀ pé ogbó ń bọ̀. Síbẹ̀, owó tí a ní a ó fi pamọ́ lóṣù tó ń bọ̀, bí oṣù náà bá dé, a ó tún sún un síwájú. Àwọn tó ń wádìí ìrònú ẹ̀dá sọ pé ohun tó wà nítòsí máa ń tóbi lójú wa ju ohun tó jìnnà lọ. Aṣọ ẹbí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ń pè wá. Ogún ọdún sí ìsinsìnyí kò lóhùn.

Àwọn ìyá wa àtijọ́ mọ èyí dáadáa. Samuel Johnson mẹ́nu kan èsúsú nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ ní 1921; William Bascom, ará Amẹ́ríkà, kọ nípa rẹ̀ ní 1952. Ẹ wo ti alájọ náà: ó ń gbowó lójoojúmọ́, ó ń sàmì sí káàdì, nígbà tí oṣù bá pé, ó yọ owó ọjọ́ kan fún ara rẹ̀. À ń sanwó fún ẹni tó ń tọ́jú owó wa! Lójú ìṣirò, àdánù ni. Ṣùgbọ́n ohun tí à ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ ni pé ó ń gba owó náà kí a tó ná an, ojú sì ń tì wá láti máa dá a padà lófo.

Ní Kibera, ní Nairobi, Siwan Anderson àti Jean-Marie Baland ṣèwádìí lórí irú èsúsú bẹ́ẹ̀. Nínú ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2002, wọ́n ní obìnrin ló pọ̀ jù níbẹ̀, ìdí pàtàkì kan sì ni kí owó má baà wà nílé níbi tí ọkọ ti lè bèèrè rẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín o.

Àléébù èsúsú ni pé ó máa ń tètè kárí. Owó tó bọ́ sọ́wọ́ lóṣù Kẹsàn-án, owó ilé-ìwé ló ń bá lọ. Kò lè dé ọjọ́ ogbó.

Ní ìlú Èjìgbò àti agbègbè rẹ̀, ọ̀pọ̀ ló ti lọ ṣòwò ní Abidjan, ilé ni wọ́n sì ń fi owó wọn kọ́. Ó yé ni: à ń fojú rí ilé, kò sì sí ìbátan tó lè yá bíríkì. Ṣùgbọ́n ilé tí kò sí ayálégbé nínú rẹ̀ kì í ra gààrí. Àwọn tó sì kó gbogbo owó wọn sí sẹ́fà rí ti January 1994, nígbà tí wọ́n dín agbára sẹ́fà kù sí ìdajì sí owó ilẹ̀ Faransé. Iye tí wọ́n kà kò yí padà. Ohun tó lè rà ló yí padà. Iye la sábà máa ń kà. Náírà náà ti kọ́ wa bẹ́ẹ̀.

Jósẹ́fù kò dúró kí Íjíbítì jẹun tán kí ó tó kó ìyókù pamọ́. Láti ìkórè ni wọ́n ti yọ ìdá kan nínú márùn-ún. Bẹ́ẹ̀ náà ni òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014: a ń yọ 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù òṣìṣẹ́ kí ó tó dé ọwọ́ rẹ̀, agbanisíṣẹ́ a fi 10 kún un. Fún oníṣòwò àti aránṣọ, ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò tiwọn ní 2019: nígbà náà, 40 nínú ọgọ́rùn-ún ló ṣeé gbà nígbà ìnira, 60 sì wà ní títì di ìfẹ̀yìntì. Lójú tèmi, títì yẹn gan-an ló níye lórí níbẹ̀.

Fún ìjíròrò: Èsúsú tó kárí kẹ́yìn, kí la fi ṣe? Ta ni nínú ẹgbẹ́ wa tó lè lọ bèèrè ètò yìí àti ìlànà rẹ̀ ti ìsinsìnyí kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó dé?