Ẹ Jẹ́ Kí Ìkòkò Aró Bá Yín Dá Ọjọ́

Ẹ̀yin ọmọ aláró tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá ṣọ́ọ̀bù tiyín sílẹ̀ ní Ìtòkú, àti ẹ̀yin tí ẹ ń fi fóònù ta àdìrẹ láti inú yàrá, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà kọ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ọwọ́ yín dá múṣémúṣé. Bí ẹ ṣe ń gba iṣẹ́ ló ń kọ mí lóminú. Mo ti rí ọmọ tó mọ iṣẹ́ yìí dénú tó sì pa á tì nígbà tí adùn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Àárẹ̀ ló lé e.

Ìkánjú owó ti bá àwọn ìyá wa jà rí. Láàárín ọdún 1930 sí 1940, nígbà tí ọjà kùtà, kọ́sítíìkì sódà àti aró òyìnbó gbòde l'Abẹ́òkúta. Wọ́n yá ju aró ewé èlú lọ, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà ń ké pé aṣọ ń ya, àwọ̀ ń ṣí, Aláké Adémọ́lá Kejì sì fòfin de sódà àti aró òyìnbó náà. Àwọn aláró bínú sí òfin náà. Èmi ò dá wọn lẹ́bi: àwìn ni ọ̀pọ̀ wọn ti ra aṣọ funfun lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò òyìnbó, gbèsè ò sì mọ̀ pé aró kò tíì kan.

Èlú kò mọ oníbàárà. Ẹ ó gún ewé, ẹ ó ṣù ú, ẹ ó sá a, ẹ ó rẹ ẹ́ sínú omi eérú, ẹ ó sì dúró fún ọjọ́ bíi mélòó kan kó tó gba aṣọ. Bí ẹ bá fa aṣọ jáde, àwọ̀ ewé tó ń pọ́n ni ẹ ó kọ́kọ́ rí. Afẹ́fẹ́ á kàn án, á di búlúù lójú yín. Ẹ ó sá a kó gbẹ, ẹ ó tún rì í, ẹ ó tún sá a. Àsìkò tí aṣọ ń gbẹ yẹn ni mo ń bẹ̀ yín fún. Inú rẹ̀ ni ẹ ti ń dá oníbàárà lóhùn, tí ẹ ń ya fọ́tò, tí ẹ ń bá ọlọ́kadà jà lórí owó. Ẹ yé é ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹun, ẹ na ẹ̀yìn sílẹ̀. Ẹ dá àkókò kan lọ́tọ̀ fún ìpè àti ìwé owó, kí oníbàárà mọ̀ ọ́n.

Iṣẹ́ òru ńkọ́? Ojú tó ti rẹ̀ kì í fa ẹ̀kọ láfún dọ́gba. Ìyẹ́ adìyẹ tí ẹ fi ń fa ẹ̀kọ á gbọ̀n lọ́wọ́ yín, ìlà á fẹ́lẹ́ níbì kan, aró á gba ibẹ̀ wọlé. Ẹni tó bá ya ọnà Ìbàdàndùn rí mọ bó ṣe ń dunni tí òpó Gbọ̀ngàn Màpó inú rẹ̀ bá dàlú.

Ẹ má sì bá àdìrẹ ẹ̀rọ tó ń ti Ṣáínà wá du owó pọ́ọ́kú. Ẹ ka owó ọwọ́ yín mọ́ iye aṣọ, kí ẹ tún ka owó aṣọ tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ yín mọ́ ọn, ìyẹn èyí tí ẹ ya láti fi wá ọnà tuntun. Àdìrẹ Olóba tí wọ́n gbé jáde fún ayẹyẹ ọdún 25 Ọba Gẹ̀ẹ́sì, George Karùn-ún, lórí ìtẹ́ ní 1935, ọnà tuntun lòun náà nígbà yẹn.

Bí wọ́n bá wá gbé aṣọ ẹbí oṣù Ọ̀pẹ̀ kalẹ̀, ẹ lọ wo ìkòkò kí ẹ tó wo owó. Ọjọ́ tí aró àti ọwọ́ yín bá gbà ni kí ẹ dá, kí ẹ fi ọjọ́ òjò lé e, kí ẹ sì gba àsansílẹ̀ ṣáájú kí ẹ tó ra aṣọ. Bí ọjọ́ kò bá bá wọn lára mu, ẹ mú wọn lọ bá aláró mìíràn tí ìkòkò rẹ̀ ṣófo. Òun náà á mú tirẹ̀ wá bá yín lọ́dún tó ń bọ̀.