Ìfẹ́ tí ó Kọjá Àsìkò

Kí ni ó ń fa òǹkàwé sí ìtàn ìfẹ́ tí àwọn olólùfẹ́ inú rẹ̀ kì í ṣe ará àsìkò kan náà? Ẹ jẹ́ kí á fi Outlander, ìwé tí Diana Gabaldon tẹ̀ jáde ní ọdún 1991, ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọdún 1945, nọ́ọ̀sì kan tí ń jẹ́ Claire fọwọ́ kan òkúta ńlá ní Scotland, ó sì bá ara rẹ̀ ní ọdún 1743. Ó ti lọ́kọ nílé. Ó tún fẹ́ Jamie níbẹ̀.

Èyí kò ṣe àjèjì sí wa. Ní Ọ̀fàdà, nídìí ìrẹsì tí à ń ṣa òkúta inú rẹ̀, ni ìyá àgbà mi ti sọ ìtàn àkúdàáyà fún mi: ẹni tí ó kú níhìn-ín, tí ó lọ fẹ́yàwó, tí ó sì bímọ ní ìlú mìíràn. Bí ojúlùmọ̀ rẹ̀ àtijọ́ bá rí i, á pòórá.

Ìyàtọ̀ wà o. Claire sọ òtítọ́ fún Jamie, ìfẹ́ wọn kò sì bàjẹ́. Ní ti àkúdàáyà, ìgbà tí àṣírí bá tú ni ìgbéyàwó tú.

Mo bi ìyá àgbà léèrè ohun tí yóò ṣe bí ó bá pàdé bàbá àgbà lọ́jà Ṣàgámù. Ó ní òun yóò fi gèlè bojú, kí ó má baà dá òun mọ̀, kí òun lè wò ó pẹ́.

Lójú tèmi, ibẹ̀ ni adùn irú ìtàn bẹ́ẹ̀ wà: ó jẹ́ kí á gbà pé ẹni tí a pàdánù ń gbé ibì kan.